Àdúrà fún Ọmọ Tó Ń Dúró de Àyè Ọmọ Ẹlòmíràn

Kurrabin,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Heath ọmọ mi,

Mo kí ẹ. Bàbá rẹ kí ẹ, Pásítọ̀ Zwar kí ẹ, àwọn obìnrin tó ń ta tíì nídìí pápá bọ́ọ̀lù kí ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, Tinker ajá rẹ náà ì bá kí ẹ bó bá mọ̀wé kọ. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé òtútù Melbourne kò mú ẹ jù? Tiwa níbí, a dúpẹ́, yìnyín bo ilẹ̀ láàárọ̀ òní débi pé omi àwọn àgùntàn dì gbagidi, àáké ni bàbá rẹ fi là á, ṣùgbọ́n ara wa le, àlìkámà ti ga dé orúnkún, ohun tó kù ni kí òjò kan tó nípọn tún rọ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ẹ lọ́hùn-ún, kò ní jẹ́ kó o ṣubú níbi tí kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ dìde. Àmín.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣojú fún ẹ, ẹni tó wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó wọnú ọgbà àgùntàn wa nígbà yẹn, ló kìlọ̀ fún wa pé ká ṣọ́ra fún fóònù, pé ohunkóhun téèyàn bá fi síbẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí, pàápàá jù lọ kóòṣì yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì fi rán Barry Lehmann tó ń wa ọkọ̀ àlìkámà lọ sí èbúté, ó ní òun á gba ẹnu ọ̀nà pápá yín kọjá lọ́la. Bí lẹ́tà bá ń rùn bí epo mọ́tò, Barry ni kó o bi, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Bàbá rẹ ní o pe òun lórí fóònù ilé lánàá nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ní o fẹ́ di ẹrù rẹ wálé lọ́jọ́ Ẹtì, pé ó ti sú ẹ. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti mú ẹ sínú tíìmù ńlá yẹn lákòókò tí à ń gbin àlìkámà, o kàn ń wọ aṣọ, ò ń bọ́ aṣọ, o kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti pé nígbà tí wọ́n wá ní kí Jarrod Quilty tó wà ní àyè tó ò ń dúró dè sinmi ní Sátidé, tó yẹ kó kàn ẹ, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀. O ní ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń jókòó ṣọ́ báàgì àwọn ọmọdé, ó sàn kó wálé wá rẹ́ irun àgùntàn. Bàbá rẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Mo ní kí lo wá sọ fún ọmọ náà? Ó ní òun ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, inú rẹ̀ ń fẹ́ kó o wálé, torí àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọwọ́ kò sì tó.

Tíìmù wa nílé ńkọ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀. Neville Pech tó ń ṣọ́ ilé àlìkámà ló ń dúró sí àyè rẹ lẹ́yìn báyìí, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, bó bá ti bọ́ sílẹ̀ ó di ti ẹni tó bá fẹ́. Ní Sátidé kan, ẹni tó ń to iye góòlù sórí pátákó ní nọ́ńbà ti tán lọ́wọ́ òun, góòlù àwọn àlejò ti pọ̀ jù, ó ní kí àwọn àlejò jọ̀ọ́ fara mọ́ èyí tó wà níbẹ̀. Mi ò sọ èyí kí ọkàn rẹ lè fà sílé o. Ìròyìn ni mo ń jẹ́.

Mo ti ń ronú padà sí bí wọ́n ṣe mú ẹ, bóyá ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, o wà lórí katakata, ò ń gbin ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, èmi àti bàbá rẹ sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nítorí ọ̀gbẹ́ni oníbàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní ká jókòó síbẹ̀. Àwọn tíìmù ńlá ń pe orúkọ àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ mú, àwọn ìyá wọn ń sunkún, àwọn bàbá wọn ń gbá wọn lẹ́yìn, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kó àga ni wọ́n pe Heath Noske ti Kurrabin, ẹni àfirọ́pò fún ọwọ́ ẹ̀yìn. Mo sunkún bíi tàwọn yòókù. Bàbá rẹ ní òun kò tíì rí ọjà tí wọ́n ti ń padà wá ra àgbò tó ti dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti ra àwọn ọ̀dọ́ tán, àfi bí ọ̀kan nínú ti ilé bá ń tiro. Mo ní kó má fi ọmọ mi wé àgbò. Ó ní àgbò tó dàgbà ló mọ ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó sì lọ gbé fìtílà lọ pàdé ẹ lóko.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn náà, nígbà tó wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn, ó ní iṣẹ́ òun ni láti bá ẹ wá ẹni tó máa sanwó tó dáa lé ẹ lórí, kí òun sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ní ó yé òun dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àjẹntì tó ń bá wa ta àgùntàn ń ṣe, ló bá mú un lọ sẹ́yìn, ó fi àgbò mẹ́ta hàn án pé kó kúkú bá òun ta àwọn yẹn pọ̀ mọ́ ẹ. Ọkùnrin náà wo àwọn àgbò fún ìgbà díẹ̀, ó ní wọ́n rẹwà. Kò tíì fún wa lésì títí di òní. Bó o bá rí i, bá wa bi í.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí mi ò fara mọ́ níbi tó o wà yẹn. O ní dókítà yín fi irin kékeré mú awọ ikùn rẹ láti wọn ọ̀rá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní ó pọ̀ díẹ̀. Heath, ọ̀rá yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀, kò sì rọrùn. O tún ní wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan sáàárín èjìká rẹ kí wọ́n lè mọ ibi tó o wà lórí pápá. Sọ fún wọn pé o kò sọnù rí, kódà nígbà tó o wà ní kékeré tí ìjì eruku bo gbogbo oko, ìwọ lo mú ajá wálé. Bí kóòṣì bá ń wá ẹ, kó yíjú wo ẹ̀yìn, ibẹ̀ lo máa wà. Ti omi yìnyín tí wọ́n ń ní kẹ́ ẹ jókòó sí, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa sọ, torí àwa níbí ń la yìnyín kí àwọn àgùntàn má baà fi ẹnu kàn án.

Cheryl tó ń tọ́jú ilé ìkàwé fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé nípa ẹ. Ẹnìkan ní ta ni bàbá àgbà yìí. Òmíràn ní ṣé orí pápá ni wọ́n fẹ́ sin ín sí ni. Mo rò pé wọn ò mọ̀ pé ìyá ẹ lè rí i, nítorí náà mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn, mo kọ orúkọ mi àti ibi tí ilé wa wà, mo ní Heath kì í ṣe bàbá àgbà, kò tíì gbéyàwó pàápàá, kì í mutí jù, bí ọ̀nà wọn bá gba Kurrabin kí wọ́n yà mu tíì. Ọ̀kan tọrọ àforíjì, ó ní ojoojúmọ́ lòun ń sọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì kí òun rí. Dale lorúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sí mọ́. Mo ti fi tòmátò inú ìgò ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú jù láti ìgbà tí wọ́n ti mú ẹ ni bí mo ṣe máa gbàdúrà fún ẹ. Wò ó, tí mo bá ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó o wọ pápá, kí ni mo ń tọrọ? Mo ń tọrọ kí ọmọ ẹlòmíràn ṣubú ni. Àyè tó ò ń dúró dè kò ṣófo, Jarrod Quilty ló wà níbẹ̀, ó lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó ní ìyá, ìyá rẹ̀ náà sì ń kúnlẹ̀ níbi tó wà. Nígbà tó o ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, àdúrà mi kò le, mo kàn máa ń ní kí wọ́n má ṣe ẹ́ léṣe, kí Kurrabin sì borí bí kò bá ni Ọlọ́run lára. Mo bi Pásítọ̀ Zwar. Ó rò ó, ó ní ẹni tó gé koríko sílẹ̀ kó lè gbẹ ń bẹ̀bẹ̀ kí òjò má rọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó gbin àlìkámà ń bẹ̀bẹ̀ fún òjò, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ tàwọn méjèèjì. Mo ní ta ló wá máa ń rí tiẹ̀ gbà? Pásítọ̀ ní òun fẹ́ lọ wo omi tí òun gbé kaná.

Nítorí náà mo ń fi àdúrà náà yípo. Mo ń ní kí Ọlọ́run bù kún ẹ, kó bù kún Jarrod, kó bù kún orúnkún gbogbo èèyàn. Àfi Sọ́ńdè tó ṣáájú àná tí mo gbàgbé ara mi, mo ní Olúwa, fún Heath láyè. Gbólóhùn yẹn nìkan. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, rédíò ní Jarrod Quilty kò ní gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, wọ́n ní kó sinmi.

Heath, mo pa rédíò náà. Ìwọ náà mọ̀ pé ní Kurrabin, a kì í ní kí ẹni tára rẹ̀ le sinmi. Neville gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìka tó kán, bàbá rẹ gbá a lọ́sàn-án ọjọ́ ìgbéyàwó wa, inú mọ́tò ni mo ti dúró dè é pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí. Bó o bá rí i pé orúkọ ọkùnrin kan kò sí nínú tíìmù wa, yálà ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí iná ń jó oko rẹ̀, tàbí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún un. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn obìnrin ìdí tíì, gbogbo wa fẹnu kò pé ara ọmọ náà ò yá gan-an, wọ́n kàn ń fi bò ni, bí wọ́n ṣe fi àìsàn Dulcie àgbà bò títí ó fi di ọjọ́ ìsìnkú. Lorna Pech ní tó bá ti rí báyìí, ìkòkò ló kù. Mo gbà. Kí á tó bi ẹni tí ìṣòro wọ ilé rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é, ṣebí oúnjẹ á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ná.

Ni mo bá se itan àgùntàn pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì nínú ìkòkò irin ńlá ìyá mi, mo lẹ orúkọ mi mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè padà wá, mo sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga iwájú mọ́tò. Bàbá rẹ ní níbo? Mo ní Gellanook, níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù fún wàrà, mo fẹ́ lọ kí ìyá Jarrod Quilty. Ó ní ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Mo ní rárá. Ó lọ wo atẹ́gùn táyà fún mi. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo fi wa mọ́tò, mo sì ń sọ fún Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ní kó ṣe é.

Kí n tó kan ilẹ̀kùn, ẹni tí mo rò pé ó ń kú lọ ló yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó fi ọwọ́ kan di okùn ọmọ màlúù mú, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo kí i, mo ní èmi ni ìyá Heath, mo gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, mo sì wá tọrọ àforíjì. Ó ní àforíjì kí ni? Mo ní mo gbàdúrà lọ́nà òdì. Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní Màmá Heath, ẹ wọlé ná, òtútù ń mú. Ìgbà náà ni Maureen ìyá rẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà, tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, bó ṣe rí ìkòkò ó ní ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo rò pé ọmọ ẹ ni. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ pé òun ni, òun náà ì bá se nǹkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nílùú ńlá, wọ́n máa ń ní kí èèyàn sinmi kó má baà ṣe àìsàn, wọn kì í dúró dìgbà tó bá ṣe é tán. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò tíì yé mi. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, a sì jọ jẹ ẹran tí mo sè fún aláìsàn náà, a jọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi ẹ́ hàn, o jókòó lẹ́bàá pápá, o wọ kóòtù tó bò ẹ́ dé kókósẹ̀, ojú rẹ le. Mo juwọ́ sí ẹ. Jarrod náà juwọ́ sí ẹ kí ojú má baà ti èmi nìkan.

Mo bi í láìfi bò pé kí ló dé tí wọn ò fi ọmọ mi sí àyè rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tí kò lẹ́ni gíga ni wọ́n fi dán ọmọ kékeré yẹn wò, pé kò lè ko Tolliday lójú láé. Mo ní ta ni Tolliday? Ó ní ọ̀gbẹ́ni gíga tí ẹ máa bá pàdé ní Sátidé yìí, ọwọ́ iwájú wọn, tó ń fò mú bọ́ọ̀lù lókè bí ẹni tí wọ́n gbé àkàbà sílẹ̀ fún. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àti pé Heath ló ní àkísà. Ó ní ìwọ lò ń ṣe bíi Tolliday fún òun bẹ́ ẹ bá ń dánra wò, ò ń ti òun, ò ń gun òun léjìká, bí gbogbo wọn bá sì ti lọ wẹ̀ tán, ìwọ á ṣì dúró máa bi òun bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń dúró de àyè òun tó sì ń bá òun gbé báàgì. Mo ní mo máa sọ fún ẹ pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, Maureen ní ti kìnnìún òun ò mọ̀ o, ti màlúù lásán ti ń ta òun nípàá.

Ìgbà tí Jarrod fẹ́ dìde ni mo wá rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé bí arúgbó. Ìyá rẹ̀ ń wo ibòmíràn. Mi ò nílò dókítà kan láti sọ fún mi bí orúnkún yẹn ṣe rí, mo ti tọ́ àgùntàn pẹ́.

Bó ṣe jáde tán ni Maureen fà mí mọ́ra, ó sọ nǹkan kan fún mi nípa Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ó ní Jarrod kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú tíìmù yàtọ̀ sí kóòṣì, ó sì ní kí n búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ. Mo búra. Nítorí náà mi ò ní sọ ọ́, má sì bi mí. Ohun tí mo lè kọ síbí kò ju pé obìnrin náà ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló wà nínú ẹkún náà.

Mo wá ka àdúrà mi fún un, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ń fi yípo àti bí mo ṣe gbàgbé ara mi. Ó ní òun náà ní èyí tí òun ń gbà. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán ẹnìkan wá, ẹni tí Jarrod lè fa àyè náà lé lọ́wọ́ kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, torí ọmọ náà kò ní fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, á máa gbá a lọ bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní lè bá àwọn ọmọ tirẹ̀ sáré. Òun ò mọ orúkọ onítọ̀hún, òun kàn ń pè é ní ẹni tó ń bọ̀. Heath, èmi ń bẹ̀rù láti gbàdúrà fún ẹ kí n má baà dá ọmọ obìnrin yìí lẹ́sẹ̀, obìnrin yìí sì ti ń gbàdúrà fún ẹ kó tó mọ̀ pé a bí ẹ. Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá kangarú kan.

Lálẹ́ àná, nígbà tí bàbá rẹ sọ fún mi pé o pè, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti Ọjọ́bọ̀ náà fún un, torí ọkọ ẹni kì í ṣe ẹlòmíràn, ìbúra yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jáde lọ wo àwọn àgùntàn tí ohunkóhun kò ṣe. Nígbà tó wọlé padà, ó pe àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ní Sátidé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, kò dá wọn dúró rí, kódà nígbà tí mò ń rọbí rẹ.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi. Má di ẹrù. Jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yìí, ẹran ni o, kì í ṣe ewé tí wọ́n ń fún yín. Gé irun orí rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín jọ ní Ọjọ́bọ̀ láti sọ nǹkan fún yín, dúró sẹ́yìn kó o lè rí Jarrod kí lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti kí i tán. Bó ti wù kó pẹ́ tó, akólòlò á pe baba. Èmi àti bàbá rẹ ń bọ̀ ní Melbourne ní Sátidé, kò sídìí kan pàtó, a kàn fẹ́ wo ìlú. Maureen náà ní òun fẹ́ wo ìlú lọ́jọ́ yẹn, a ó jọ jókòó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ọmọ mi. Ìrìn Gellanook gbẹ epo inú mọ́tò, táyà ẹ̀yìn kan sì ti fá bí orí Neville. Báńkì ti kúrò ní Kurrabin, wọ́n ní inú fóònù ló wà báyìí, ṣùgbọ́n fóònù àpò bàbá rẹ jábọ́ sínú omi àgùntàn lóṣù tó kọjá, ó sì ń bi mí pé bí owó bá ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà, fi owó epo àti ti táyà sínú àpòòwé, fún Barry, ó ní òun á dúró dè ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé náà ti bọ́ sínú fóònù. Bá mi sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì pé ìyá rẹ àti bàbá rẹ ń bọ̀, bàbá rẹ á dé fìlà aláwọ̀ ewé, kó má dá wa dúró.

Ọlọ́run á fún ẹ lẹ́sẹ̀ tó dúró àti ojú tó ríran. Ẹni tó o bá gba àyè rẹ̀ kò ní rántí ẹ sí ibi. Ẹni tó máa gba tìrẹ lọ́jọ́ kan, á jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wàá sì fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, orúnkún rẹ méjèèjì á sì gbé ẹ délé. Gbogbo àwa tó ń kúnlẹ̀ fún ẹ, àwa tó o mọ̀ àtàwọn tó ò mọ̀, a ó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Raelene Noske.

Bàbá rẹ ní òun fẹ́ kọ ìlà kan sísàlẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo búra lé lórí.

Heath, kí Tolliday tó fò, á kọ́kọ́ fi ìgúnpá òsì ti èèyàn. Dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bàbá rẹ.